Màámi ń bọ̀ wá sílé pẹ̀lú pacemaker láyà: ta ni yóò máa bá wa yẹ̀ ẹ́ wò n'Íbàdàn?

Àbẹ̀kẹ́_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ dákun, ẹni tó bá mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí kó bá mi dá sí i.

Màámi lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní London. Kí wọ́n tó lọ ni òòyì ti ń kọ́ wọn, wọ́n tilẹ̀ dákú lẹ́ẹ̀kan nínú ilé ìdáná. Ẹ̀jẹ̀ ríru la rò pé ó ń dà wọ́n láàmú. London ni wọ́n ti rí i pé ọkàn wọn ni kò lù dáadáa mọ́: á lù, á dúró, á tún lù. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré fún wọn, wọ́n fi pacemaker, ẹ̀rọ kékeré tó ń mú ọkàn lù, sí wọn láyà lápá òsì. Ara wọn ti le báyìí, oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n ń padà bọ̀.

Dókítà wọn ní ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ kan yẹ̀ ẹ́ wò. Ọsibítù tí mo kọ́kọ́ lọ béèrè níbí ní àwọn kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì júwe ibòmíì fún mi.

Èyí tó tún dá kún un ni ọ̀rọ̀ tí àbúrò bàbá wa fi sórí WhatsApp ẹbí, pé àwọn ọmọ yahoo lè ti ìdí kọ̀ǹpútà pa ẹni tó bá ní pacemaker láyà, pé torí ẹ̀ ni igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà kan fi ní kí wọ́n pa tòun. Màámi kà á. Láti ọjọ́ náà, wọn ò jẹ́ kí ọmọ-ọmọ wọn mú fóònù dé iyàrá wọn. Ṣé òótọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì_Salford

Ẹ kú ìtọ́jú Màámi, Àbẹ̀kẹ́. Ẹ̀ka tó ń rí sí ọkàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ìyẹ̀wò yẹn jẹ́, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí wọ́n bá ti rán ojú abẹ, ó parí náà nìyẹn.

Kò parí. Kọ̀ǹpútà kékeré tó ní bátìrì ló wà lábẹ́ awọ Màámi, pẹ̀lú wáyà kan tàbí méjì tó gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọ inú ọkàn. Ó ń tẹ́tí sí ọkàn. Bí ọkàn bá lù fúnra rẹ̀, á dákẹ́. Bí kò bá lù lásìkò tó yẹ, á ta iná díẹ̀ sí i. Iye tí lílù ọkàn kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí láàárín ìṣẹ́jú kan, 60 ni wọ́n sábà máa ń fi í sí. Iye yẹn, iye tí ẹ̀rọ náà lè bá ọkàn sáré dé bí èèyàn bá ń gun òkè, àti bí iná tó ń ta ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó: gbogbo wọn la lè yí padà láti òde, láìtún fi abẹ kan ara.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Màámi á jókòó tàbí kí wọ́n dùbúlẹ̀. A ó gbé ohun kan tó rí bíi máòsì kọ̀ǹpútà lé ojú àpá náà, wáyà rẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ tí à ń pè ní programmer. Ohun tí ọkàn ń ṣe á yọ lójú ẹ̀rọ náà. A ó wo bí bátìrì ṣe kù sí, a ó wo wáyà, a ó ka ohun gbogbo tí pacemaker ti kọ sílẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n wá kẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn la ó mú kí ó máa lù yára ju ọkàn fúnra rẹ̀ lọ díẹ̀, a ó wá máa dín agbára iná náà kù, títí a ó fi rí i pé ó ta iná kan tí ọkàn kò dá a lóhùn. Ibẹ̀ la ti máa mọ agbára tó kéré jù tó lè mú ọkàn lù, a ó sì fi àlékún tó nípọn lé e kó má baà já wọn kulẹ̀. Màámi lè ní àyà òun ń yára díẹ̀, àmọ́ kò ní dùn wọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, a sábà máa ń fi agbára yẹn sókè torí wáyà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ọkàn lára. Bí a bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn náà, bátìrì á pẹ́ sí i. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n wọ bàálù kí wọ́n tó ṣe ìyẹ̀wò àkọ́kọ́ yẹn ní London.

Ẹnjiníà_Yábàá

Ẹ̀rọ ọsibítù ni mò ń tún ṣe, mo sì fẹ́ fi kan lé ti nọ́ọ̀sì wa, torí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ló máa ń kó àwọn ará ilé sí wàhálà jù.

Programmer kan kì í ṣe fún gbogbo pacemaker, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń ṣe é ló ní tirẹ̀. Ti Medtronic kò lè bá ti Biotronik sọ̀rọ̀. Ti Abbott kò lè ka ti Boston Scientific. Nítorí náà, "ṣé ẹ ní ẹ̀rọ ìyẹ̀wò?" kọ́ ni ẹ máa bi ọsibítù. Ẹ sọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é àti oríṣi tó jẹ́, kí ẹ wá béèrè bóyá wọ́n lè yẹ irú rẹ̀ wò.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀: níbi púpọ̀ nílé, programmer kì í ṣe ti ọsibítù. Aṣojú ilé iṣẹ́ ló máa ń gbé e wá lọ́jọ́ klíníìkì, tí á sì tún gbé e lọ. Ẹni tó jókòó síwájú lè sọ fún yín pé àwọn kò ní, òótọ́ ló sì sọ, bẹ́ẹ̀ lọ́túnla ẹ̀rọ náà ń bọ̀ wá síbẹ̀. Dókítà ọkàn fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wá rí, kí ẹ gba nọ́ńbà aṣojú náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbogbo ẹni tó bá gba pacemaker ni wọ́n máa ń fún ní káàdì tí orúkọ ilé iṣẹ́, oríṣi, nọ́ńbà àti ọjọ́ tí wọ́n fi sí i wà nínú rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sí fóònù gbogbo ọmọ. Bí ó bá sọnù, x-ray àyà lè gbà yín: ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń fi àmì tí x-ray lè rí sínú àpótí ẹ̀rọ náà.

Bó bá wá di pàjáwìrì tí kò sí programmer nítòsí, dókítà lè gbé mágínẹ́ẹ̀tì lé e lórí, kó máa wo ECG, àwòrán bí ọkàn ṣe ń lù. Ọ̀pọ̀ pacemaker á bẹ̀rẹ̀ sí í lù ní iye kan tí ilé iṣẹ́ wọn ti yàn. Ti Medtronic sábà máa ń lù ní 85 ní ìṣẹ́jú kan bí bátìrì bá dára, á bọ́ sí 65 bí ó bá ti tó àkókò láti pààrọ̀ rẹ̀. Ti Boston Scientific ń lù ní 100, á bọ́ sí 85. Ìyẹn kò tó láti fi rọ́pò ìyẹ̀wò gidi, ṣùgbọ́n ó lè sọ fún dókítà bóyá bátìrì ni ìṣòro tàbí òun kọ́. Ẹ má gbìyànjú rẹ̀ nílé o.

Bàbá_Ìjẹ̀bú

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ti sọ̀rọ̀ ìyẹ̀wò, ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ èyí tó ń bà wá lẹ́rù. Bí wọ́n bá lè yí ẹ̀rọ náà padà láti òde láìfi abẹ kàn án, kí ló ń dá ẹni ibi dúró tí kò fi ní yí i padà? Kí ló dé tí wọn ò ti í pa bí a ṣe ń ti owó wa pa ní báǹkì? Ẹ má ṣe fi ọwọ́ rọ́ ìbéèrè yìí sẹ́yìn, èmi náà ní ẹ̀rọ yìí láyà.

Ọmọ_Kọ̀ǹpútà

Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ààbò kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ mi, mi ò sì ní rọ́ ọ sẹ́yìn.

Igbákejì ààrẹ tí wọ́n ń sọ ni Dick Cheney. Kì í ṣe pé wọ́n pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ní 2007, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀rọ tó wà láyà rẹ̀, dókítà rẹ̀ ní kí wọ́n ti ọ̀nà aláìlówáyà rẹ̀ pa, kí ẹnikẹ́ni má baà lè ti òkèèrè bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n CBS ní 2013. Tirẹ̀ sì lágbára ju ti Màámi lọ: irú èyí tó ń ta iná ńlá sí ọkàn tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ni.

Ẹ̀rù náà ní ìdí. Ní 2008, àwọn olùwádìí láti yunifásítì mélòó kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn lè fi rédíò gbọ́ ohun tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń sọ, kí àwọn yí ètò rẹ̀ padà, kí àwọn tilẹ̀ mú kó ta iná. Orí tábìlì ni wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe lára èèyàn, sẹ̀ǹtímítà mélòó kan péré ló sì wà láàárín ẹ̀rọ àti rédíò náà. Ní oṣù kẹjọ 2017, FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, kéde pé pacemaker tó tó 465,000 ní ilẹ̀ wọn, èyí tí St. Jude Medical ṣe, tó ti di ti Abbott nígbà náà, nílò sọ́fítíwíà tuntun nítorí àlàfo ààbò. Ní 2019, ìkìlọ̀ mìíràn tún jáde nípa rédíò tí àwọn ẹ̀rọ Medtronic kan ń lò: kò bo ọ̀rọ̀ tó ń kọjá lójú, bẹ́ẹ̀ ni kì í béèrè ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Nínú ìkìlọ̀ méjèèjì, wọ́n sọ pé àwọn kò gbọ́ pé aláìsàn kankan fara pa nípasẹ̀ rẹ̀.

Èyí tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn nínú ọ̀rọ̀ 2017 ni bí wọ́n ṣe tún un ṣe. Wọn ò ti òkèèrè fi sọ́fítíwíà náà ránṣẹ́. Oníkálùkù ní láti lọ sí ọsibítù, kí wọ́n gbé programmer lé e láyà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí pacemaker máa lù ní 67 ní gbogbo àkókò yẹn. Àtúnṣe náà ní ewu tirẹ̀. Nínú irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ tí ilé iṣẹ́ náà ti ṣe tẹ́lẹ̀, ìdá 0.003 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ẹ̀rọ náà ni kò ṣiṣẹ́ mọ́ rárá. Ó kéré gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lè dá lù láìsí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ jókòó rò ó kó tó gbà á.

Wàyí o, kí ló dé tí wọn ò ti í pa bíi ti báǹkì? Bàbá, ẹ wò ó báyìí. Ká ní ọ̀rọ̀ aṣínà tó jẹ́ pé ọsibítù London nìkan ló mọ̀ ọ́n ni wọ́n fi ti ti Màámi, tí wọ́n wá ṣubú ní Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà tó ní programmer tó yẹ lọ́wọ́. Kí ni dókítà náà máa ṣe? Bí báǹkì bá tì yín mọ́ta, ẹ ó padà lọ lọ́jọ́ Ajé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé ààbò náà lé orí sísún mọ́ ọn àti ẹ̀rọ tí kì í wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Èmi ò gbà pé ìyẹn nìkan tó, ó sì yẹ kí àwọn ilé iṣẹ́ náà ti tètè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ bí ẹ bá bi mí pé ṣé ẹni ibi tó ń fi kọ̀ǹpútà wá Màámi ni mo máa bẹ̀rù jù tàbí bátìrì tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò fún ọdún mẹ́rin, bátìrì ni.

Nọ́ọ̀sì_Salford

Ẹ̀rí wà fún ohun tí Ọmọ_Kọ̀ǹpútà sọ yìí. Obìnrin ará Norway kan, Marie Moe, onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà ni òun náà, ó sì ní pacemaker láyà. Ó ti sọ ìtàn rẹ̀ ní gbangba. Ó ń gun àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ ojú irin Covent Garden ní London, bí ó ṣe ń gòkè lọ ni èémí bá fẹ́ tán nínú rẹ̀. Kò sí olè kankan níbẹ̀. Wọ́n fi òkè ètò ẹ̀rọ rẹ̀ sí 160, èyí tó bá arúgbó mu. Bí ọkàn rẹ̀ ṣe dé 160, ẹ̀rọ kò bá a sáré mọ́, lílù ọkàn rẹ̀ sì já wálẹ̀ lójijì. Nígbà tí wọ́n wá ń wá ìdí rẹ̀, wọ́n rí i pé ohun tí programmer ń fi hàn lójú rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú pacemaker gan-an, ìyẹn ló sì jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó rí àṣìṣe náà.

Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, bí Màámi bá ní ó ń rẹ àwọn bí wọ́n bá ń gun òkè Mọ́kọ́lá, ẹ má sọ pé ọjọ́ orí ni. Ó lè jẹ́ ètò ló yẹ kí wọ́n yí.

Adéọlá_Houston

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mú irú ẹ̀rọ mìíràn wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, torí àwọn tó ní in nínú àwa tí a wà lókè òkun kì í sábà sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọmọ mi ọkùnrin ní pọ́ǹpù oògùn níkùn. Láti kékeré ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti máa ń le gbagidi, a ò lè nà án, kò lè sùn. Baclofen, oògùn tó ń mú iṣan dẹ̀, tó ń mu lẹ́nu kàn ń kùn ún lóorun ni. Wọ́n wá fi pọ́ǹpù roboto kan sábẹ́ awọ ikùn rẹ̀, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba ẹ̀gbẹ́ lọ sínú omi tó yí ọ̀pá ẹ̀yìn ká. Oògùn tó ń lọ síbẹ̀ kéré púpọ̀ sí èyí tó ń mu tẹ́lẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ jù ú lọ. Bí ó ṣe ń kán, iye tó ń kán lọ́sàn-án àti lóru, programmer ni wọ́n fi ń ṣètò gbogbo ẹ̀. Ọmọ mi ń sùn mọ́jú báyìí.

Bí oògùn bá fẹ́ tán, nọ́ọ̀sì á wá ojú ihò rẹ̀ láti orí awọ, á fi abẹ́rẹ́ gún un wọlé, á fa èyí tó ṣẹ́kù jáde, á wọn ọ́n. Ó gbọ́dọ̀ bá iye tí programmer ní ó kù mu. Bí èyí tó jáde bá pọ̀ jù, pọ́ǹpù kò kán dáadáa nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló máa rọ tuntun sí i. Bí abẹ́rẹ́ bá yà kúrò lójú ihò tí oògùn lọ sábẹ́ awọ, ó lè pa èèyàn. Bí wọ́n bá sì yí bí oògùn ṣe ki tó padà, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣírò ti àtijọ́ tó ṣì wà nínú ọ̀pá kí wọ́n tó jẹ́ kí tuntun bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń dúró tì wọ́n, mo sì máa ń ní kí wọ́n ka nọ́ńbà náà sókè kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn òbí bíi tèmi gbọ́: baclofen yẹn kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró lójijì. Bí ó bá dúró, ara á gbóná, á máa yún, ẹsẹ̀ á tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, orí á dàrú, ẹ̀mí sì lè lọ sí i. Ẹ̀rọ náà máa ń dún láti inú ikùn bí oògùn bá fẹ́ tán. Nígbà tí a wálé kọjá, ọjọ́ tí programmer tẹ̀ jáde pé oògùn máa tán ni a kọ́kọ́ wò kí a tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, a sì fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀ nítorí bàálù tó lè pẹ́. Ẹbí ní kí a dúró di ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n. A ò dúró.

Bàbá_Ìjẹ̀bú

Ọlọ́run á bá ọ wo ọmọ náà, Adéọlá. O ṣe dáadáa tí o kò dúró.

Àbẹ̀kẹ́_Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi fọ́tò káàdì náà ránṣẹ́, Boston Scientific ni. Mo sì ti rí dókítà ọkàn kan níbí tó ní òun mọ aṣojú wọn, pé Èkó ló ti máa ń wá. Màámi ṣì ń bẹ̀rù fóònù, wọ́n tún ń béèrè nípa jẹnẹrétọ̀, torí ẹ̀yìn fèrèsé wọn gan-an ló wà. Ọkọ mi ní ká bá wọn wá ẹ̀rọ inú àyà tí wọ́n ti lò rí sílẹ̀ de ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ ti wọn, torí owó. Ṣé nǹkan tó dáa ni?

Ẹnjiníà_Yábàá

Fóònù kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan bí ó bá ti jìnnà sí ojú ẹ̀rọ ní sẹ̀ǹtímítà 15. Kí wọ́n máa fi etí ọ̀tún gbọ́ ọ, kí wọ́n má fi í sínú àpò àyà tàbí kọ́mú. Mágínẹ́ẹ̀tì ló fà á: ọ̀pọ̀ iPhone láti orí 12 ní mágínẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn, gbohùngbohùn etí náà ní in. Ọmọ-ọmọ wọn lè wọlé kó tẹ fóònù rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Jẹnẹrétọ̀ kò burú bí wọn ò bá ti fẹ̀yìn tì í tàbí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lé e lórí nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Èéfín rẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé yẹn ló ń já mi láyà. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀, ti pacemaker tàbí ti kò sí. Bí ẹ bá ní sítóòfù tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì gbóná, kí wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà 60 sílẹ̀. Kí wọ́n jìnnà sí ẹni tó ń jó irin. Ní pápákọ̀ òfuurufú, kí wọ́n fi káàdì hàn, kí wọ́n gba ẹnu ọ̀nà tó ń wá irin kọjá láìdúró, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé ẹ̀rọ tó ń wá irin tí wọ́n ń fi ọwọ́ mú lé ojú àpá náà.

Ti èyí tí wọ́n ti lò rí: kì í ṣe ohun ìtìjú, kì í sì í ṣe ohun tí ẹ máa rà ní kọ̀rọ̀. Yunifásítì Michigan ní ètò kan tó ń gba pacemaker lára òkú pẹ̀lú àṣẹ ẹbí, wọ́n á yẹ bátìrì wò, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á pa kòkòrò tó wà lára rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2024 ni wọ́n gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde, ó sì fi hàn pé ti àlòkù tí wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ kò burú ju tuntun lọ. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe é. Ọsibítù ló ń bá irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe pọ̀, kì í ṣe ẹbí. Ẹ má gba èyí tí ẹnikẹ́ni gbé wá nínú àpò. Kò tíì kàn yín báyìí náà, bátìrì ti Màámi lè lo ọdún mẹ́jọ, mẹ́wàá, kó tún kọjá bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ̀rù bá ṣì ń bà wọ́n, ẹ sọ ti Arne Larsson fún wọn. Ará Sweden ni, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi pacemaker sí nínú ara, ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá 1958. Nínú agolo pólíìṣì bàtà ni Rune Elmqvist tó ṣe ẹ̀rọ náà ti da ike olómi bò ó, kí ike náà lè gan. Wákàtí mélòó kan ni ẹ̀rọ náà fi ṣiṣẹ́ kó tó dákẹ́. Wọ́n fi òmíràn sí i, wọ́n tún pààrọ̀ rẹ̀ ju ogún ìgbà lọ. Larsson gbé ayé di 2001, ó pé ọmọ ọdún 86, ó sì pẹ́ láyé ju Elmqvist àti Åke Senning tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ.

Nọ́ọ̀sì_Salford

Kí ẹ̀gbọ́n yín má gba lẹ́tà nìkan ní London. Kí ó ní kí wọ́n tẹ gbogbo ètò inú ẹ̀rọ náà jáde láti orí programmer lọ́jọ́ ìyẹ̀wò tó kẹ́yìn: iye ìsàlẹ̀, iye òkè, agbára iná lórí wáyà kọ̀ọ̀kan, bí bátìrì ṣe kù sí, àti bóyá ọkàn Màámi lè dá lù bí ẹ̀rọ bá dúró. Kí ó béèrè pẹ̀lú bóyá ẹ̀rọ náà àti wáyà rẹ̀ lè wọ MRI, ẹ̀rọ ńlá tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara, torí wọ́n gbọ́dọ̀ fi programmer yí ètò rẹ̀ kí wọ́n tó wọlé, kí wọ́n sì dá a padà lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá fún wọn ní àpótí tó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ó bi wọ́n bóyá ó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà àti ta ni yóò máa ka ìròyìn náà. Ìròyìn ni àpótí yẹn ń fi ránṣẹ́, kò lè yí ètò pacemaker padà.

Àbẹ̀kẹ́_Mọ́kọ́lá

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́bọ̀ ni ìyẹ̀wò wọn. Aṣojú náà ní kí a fi ìwé ètò yẹn ránṣẹ́ sóun ní kété tó bá ti jáde, kí òun lè mọ programmer tí òun máa gbé wá.